Ọmọ Mi Ń Ṣe Olùkọ́ ní Ìlú Ọba: Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí N Lọ Kí I?

Ní oṣù Kejì ọdún 2023 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ tó kàwé gboyè ní Nàìjíríà, Gánà, Índíà, Jàmáíkà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn kan láti gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tiwọn. Láti ìgbà náà ni àwọn lẹ́tà tó ń wọlé sí ojú ewé yìí ti yí padà. Àwọn ọ̀dọ́ ló kọ́kọ́ ń béèrè bí wọ́n ṣe lè lọ. Ní báyìí, àwọn òbí àti àbúrò tó kù nílé ló ń béèrè bí wọ́n ṣe lè lọ kí wọn. Mẹ́ta nínú àwọn lẹ́tà náà la dáhùn lóṣù yìí. A yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò, a sì gé díẹ̀ nínú èyí tó gùn jù.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Mo ti pé ọdún 67, Ilé-Ifẹ̀ sì ni mo ń gbé. Àkọ́bí mi obìnrin ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé girama kan ní Leeds. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti fojú kàn án gbẹ̀yìn, ó sì ti bí ọmọ kejì tí n kò tíì gbé rí. Àwọn ará ìjọ wa ní kí n lọ nínú oṣù Kejìlá, kí n lè ṣe Kérésìmesì lọ́hùn-ún. Ọmọ mi ní rárá, pé kí n dúró di ìgbà tí ilé-ìwé bá wọ ìsinmi ní oṣù Keje. Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ó dà bí ẹni pé kò yá a lára láti rí mi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ajẹ́ǹtì tó fẹ́ bá mi ṣe ìwé ní kí n má wulẹ̀ dárúkọ ọmọ mi rárá, pé wọn kì í fún ìyá àgbà ní físà bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ó ní ọmọ níbẹ̀. Ó ní òun yóò kọ ọ́ pé ìpàdé àwọn oníṣòwò ni mò ń lọ. Ọmọ mi tún fẹ́ kí n bá òun mójú tó àwọn ọmọ fúngbà díẹ̀, ajẹ́ǹtì sì ní ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

— Ìyá Olùkọ́, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN

Ẹ ǹlẹ́ o, Ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ ajẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ má gbà fún un. Kíkí ẹbí àti ọ̀rẹ́ wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá físà àlejò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, kò sì sí ohun tí ìyá tó fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ ní láti fi pamọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn òṣìṣẹ́ Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà níbẹ̀, bá rí i pé ènìyàn parọ́ nínú ìwé tó fi béèrè físà, tàbí pé ó kó ayédèrú ìwé sílẹ̀, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún 10. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọdún 67 lé 10. Ajẹ́ǹtì yóò ti gba owó rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ẹgba kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé irọ́ kò dára, ẹ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní bẹ̀rẹ̀ tiyín lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì.

Ní ti títọ́jú àwọn ọmọ, ajẹ́ǹtì yín gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà, kò dúró gbọ́ ìparí rẹ̀. Òótọ́ ni pé àlejò kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, ìbáà ṣe iṣẹ́ olówó oṣù tàbí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó yẹ kí wọ́n gba ènìyàn sí. Ṣùgbọ́n ìlànà tí àwọn tó ń ka ìwé físà ń tẹ̀ lé sọ ọ́ ní gbangba pé ìbátan lè wá mójú tó ọmọ nínú ẹbí, bí ìbẹ̀wò náà bá jẹ́ ti ìgbà kúkúrú, tí kò sì di pé wọ́n gbà á gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́. Ìyá àgbà tó wá kí wọn, tó ń pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó ń kọ ọ́ ní oríkì, tó sì ń bá wọn se ọbẹ̀, kò rú òfin kankan. Èyí tó wá dúró oṣù mẹ́fà gbáko kí ọmọ rẹ̀ lè máa jáde lọ síbi iṣẹ́ láìsan owó fún olùtọ́jú ọmọ ni wọ́n ń wá. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ sínú ìwé ni wọn yóò sì fi mọ ìyàtọ̀. Bí ẹ bá lọ nígbà tí ilé-ìwé ti gba ìsinmi, tí ọmọ yín fúnra rẹ̀ wà nílé pẹ̀lú yín, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó rò pé iṣẹ́ lẹ wá ṣe.

Ohun tí ọmọ yín ní lọ́kàn nìyẹn, ó kàn lè má rí i ṣàlàyé lórí fóònù ni. Olùkọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè yan ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀ bí nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ báńkì ṣe ń yàn án. Ọjọ́ 195 ni àdéhùn iṣẹ́ olùkọ́ lọ́dún ní àwọn ilé-ìwé tó ń tẹ̀ lé ìlànà ìjọba. 190 nínú rẹ̀ ni ti kíkọ́ àwọn ọmọ, 5 tó kù ni ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ fúnra wọn. Láàárín àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, bí kò bá ṣe àìsàn tàbí ọ̀fọ̀, kò sí bí yóò ṣe sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé màmá òun dé. Ìsinmi Kérésìmesì jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ti Àjíǹde náà bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan péré ló sì máa ń wà láàárín sáà ẹ̀kọ́ ní oṣù Kẹwàá, oṣù Kejì àti oṣù Karùn-ún. Ti ìgbà ẹ̀rùn nìkan ló gùn: láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin oṣù Keje títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí kí ó lé díẹ̀. (Bó bá jẹ́ Scotland ni ọmọ ẹlòmíràn wà, kí ó mọ̀ pé ìsinmi tiwọn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹfà, ó sì máa ń tán ní àárín oṣù Kẹjọ.)

Ẹ wá wo Kérésìmesì tí àwọn ará ìjọ ń sọ. Ní Leeds nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù náà, rélùwéè kì í ṣiṣẹ́, òfin sì ti àwọn ilé ìtajà ńláńlá pa, nítorí náà ẹni tí kò bá ní mọ́tò kò ní lè kúrò ní sàkáání ilé rẹ̀. Bí ẹ bá wá dé ṣáájú kí ilé-ìwé tó tì, òkùnkùn ni ọmọ yín yóò bá jáde láàárọ̀, òkùnkùn ni yóò bá wọlé, pẹ̀lú àpò ìwé àwọn ọmọ tí yóò máa máàkì lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Nínú oṣù Keje, ojú ọjọ́ ṣì máa ń mọ́lẹ̀ kedere ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ̀yin náà ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí, ẹ kò gbàgbé bí ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn sáà ẹ̀kọ́ ṣe ń rí. Ọmọ yín fẹ́ rí yín. Ó fẹ́ kí ó jẹ́ ìgbà tí yóò lè jókòó tì yín ni.

Kódà, ẹ má retí pé gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ni yóò fi wà lófìfo. Àárín oṣù Kẹjọ ni èsì ìdánwò àwọn ọmọ ọdún 18 máa ń jáde, ti àwọn ọmọ ọdún 16 sì máa ń tẹ̀ lé e lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló sì máa ń lọ sílé-ìwé lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ìmúrasílẹ̀ sáà tuntun ti máa ń gbà á lọ́kàn. Bí mo bá wà ní ipò yín, n óò dé lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti tì ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ó ti sinmi díẹ̀, n óò sì padà ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó dùn sàn ju oṣù mẹ́ta tí ẹ ó fi máa wo ògiri. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé gbogbo ẹbí tó ní ọmọ nílé-ìwé ló ń rìnrìn-àjò lásìkò kan náà, owó ọkọ̀ òfúrufú kì í sì í dúró sójú kan.

Ó wá ku ìwé. Físà tí ẹ ń wá ni ti àlejò, èyí tó fàyè gba oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Pọ́nùn 127 ni owó rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá sọ pé rárá. Ẹ lè béèrè fún un láti oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ka, tí wọ́n sì ti yà yín ní fọ́tò ní Èkó tàbí Àbújá, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìdáhùn sábà máa ń gbà. Ẹni tó ń lọ ní ìparí oṣù Keje, inú oṣù Karùn-ún ló yẹ kó ti ṣe é. Ìwé àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ tí àwọn kan ń dààmú lé lórí kò kàn yín, nítorí pé àwọn tó fẹ́ gbé ju oṣù mẹ́fà lọ ni wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ohun méjì ni ẹni tó ń ka ìwé yín fẹ́ mọ̀: ta ni yóò náwó ìrìn-àjò yìí, kí sì ni yóò mú yín padà sílé. Ẹ mú ìwé owó ìfẹ̀yìntì yín jáde, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ báńkì oṣù mẹ́fà tí ó ń fi owó náà hàn bó ṣe ń wọlé, ìbáà kéré. Bí ẹ bá ní ilé ní Ifẹ̀, bí ẹ bá ní ipò nínú ìjọ tàbí nínú ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, bí àwọn ọmọ yín yòókù bá wà nílé, ẹ sọ ọ́. Kí ọmọ yín kọ lẹ́tà ìpè tí ó sọ ọjọ́ tí ẹ ó dé àti ọjọ́ tí ẹ ó padà, ibi tí ẹ ó sùn, ẹni tí yóò san kí ni, kí ó sì fi kún un pé olùkọ́ ni òun, ọjọ́ báyìí ni ilé-ìwé òun tì, ọjọ́ báyìí ni yóò sì wọlé. Kí ó so ìwé owó oṣù rẹ̀ àti ti ilé tó ń gbé mọ́ ọn. Mo ní láti sọ èyí fún àwọn òbí tó rò pé ọlọ́rọ̀ ni olùkọ́ lọ́hùn-ún: ní ọdún ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, pọ́nùn 32,916 lọ́dún ni ìpìlẹ̀ owó olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn odi London, kí wọ́n tó yọ owó orí kúrò nínú rẹ̀, kí ó tó san owó ilé àti ti olùtọ́jú ọmọ. Bí ẹ bá lè fi owó tiyín ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ rà á. Ó tún ń mú kí ìwé yín lágbára.

Ibi kan wà tí àwọn ìyá wa sábà máa ń kọsẹ̀ sí, orúkọ ni. Orúkọ ilé bàbá wà lórí ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, ti ọkọ wà lórí páspọ́ọ̀tù, orúkọ ìyá tí wọ́n kọ sínú ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ tún yàtọ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún aláìmọ̀dí láti tú. Ẹ fi ìwé ìgbéyàwó tàbí ìwé ìbúra ilé-ẹjọ́ tì í lẹ́yìn, kí ẹ sì kọ gbólóhùn kan tó ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ má lọ láìní ìwé adójútòfò ìrìn-àjò. Dókítà àdúgbò lè rí yín lọ́fẹ̀ẹ́, ìtọ́jú pàjáwìrì nílé-ìwòsàn kò sì gba owó títí di ìgbà tí wọ́n bá dá yín dúró lórí bẹ́ẹ̀dì. Láti ibẹ̀ lọ, àlejò máa ń san ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìtọ́jú náà jẹ́ ilé-ìwòsàn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà tí ẹ bá ń lò, ẹ kó o nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà dókítà, kí ó sì wà nínú báàgì ọwọ́. Ní ti oúnjẹ, gaàrí, èlùbọ́ àti ata gígún kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀ bí a bá dì wọ́n dáadáa. Wọ́n fàyè gba ẹja gbígbẹ tí kò bá ju kílò 20 lọ. Ẹran ni kò gbọdọ̀ wọlé, ìbáà ṣe tútù tàbí gbígbẹ, wàrà náà bẹ́ẹ̀, ewébẹ̀ tútù sì sábà máa ń béèrè ìwé-ẹ̀rí tí kò sí lọ́wọ́ yín. Mo mọ̀ pé pọ̀nmọ́ ń bẹ lọ́kàn yín. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mú yín dé London lọ́jọ́ kan, sí British Museum, níbi tí wíwọlé ti jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1938 wà lọ́wọ́ wọn, mi ò sì rò pé ará Ifẹ̀ tó tún jẹ́ olùkọ́ lè wò ó kí ó má ní ohun tí yóò sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ní Leeds fúnra rẹ̀, afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan wà lórí odò Aire tí wọ́n ṣí ní ọdún 2023, tí wọ́n fi sọrí David Oluwale, ọmọ Èkó tó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1949, tí ó sì bá odò yẹn lọ ní ọdún 1969 lẹ́yìn ìyà tí àwọn ọlọ́pàá méjì fi jẹ ẹ́. Kò jẹ́ ibi ìgbádùn, ṣùgbọ́n ọmọ wa ni, ó sì yẹ kí ẹnìkan tó gbọ́ Yorùbá dúró níbẹ̀ kí ó pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ.

ÌBÉÈRÈ

Olùkọ́ físíìsì ni mí ní Birmingham. Bàbá mi, ẹni ọdún 72, ń hun aṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn, ọwọ́ wọn ò sì dilẹ̀ rí. Wọ́n ní oṣù Kẹwàá ni wọ́n fẹ́ wá kí mi, kí iṣẹ́ aṣọ ìnáwó ìparí ọdún tó pọ̀. Oṣù náà ni iṣẹ́ ń wọ̀ mí lọ́rùn jù, ọ̀sẹ̀ kan péré ni n óò sì fi wà nílé. Ìyàwó mi náà ń ṣiṣẹ́. Mo gbìyànjú láti sọ ọ́, wọ́n ní, “Ṣé bàbá ń gba àyè lọ́wọ́ ọmọ ni?” Láti ọjọ́ yẹn, ẹnu mi ti wúwo. Báwo ni mo ṣe lè sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí àfojúdi?

— Ọmọ Ìṣẹ́yìn, Birmingham

ÌDÁHÙN

Arákùnrin, ẹ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fúnra yín mọ́. Ọ̀rọ̀ tí bàbá bá ti fi ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ọmọ kọ́ ló ń ṣí i. Ẹ wá ẹni tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn tàbí tí ó ṣàgbà wọn, ẹ̀gbọ́n wọn tàbí ìyá àgbà kan nínú agboolé tí wọ́n máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, kí ẹ sì ṣàlàyé fún ẹni náà dáadáa bí ọjọ́ yín ṣe ń lọ: aago tí ẹ ń jí, aago tí ẹ ń wọlé, iye wákàtí tí ilé fi ń wà ní títì. Àwọn tó wà nílé kì í mọ̀ pé ènìyàn lè gbé inú ilé kan láti àárọ̀ di alẹ́ kí ó má gbọ́ “ẹ kú iṣẹ́” lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bàbá tó ń hunṣọ ní ìta gbangba, tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ń kí, ni ẹ fẹ́ tì mọ́ yàrá pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n. Bí àgbà bá gbọ́ ọ báyìí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé kí wọ́n sún un síwájú.

Kí ẹni náà gbé ọjọ́ mìíràn dání lọ, torí bí ó bá lọ lọ́wọ́ òfo, etí bàbá yóò gbọ́ “ẹ má wá”. Ìsinmi Àjíǹde jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, òtútù sì ti ń rọlẹ̀ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ aṣọ Kérésìmesì yóò ti kọjá. Ti oṣù Keje sí Kẹjọ ló gùn jù, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé oòrùn Birmingham ní oṣù Keje kì í wọ̀ títí di lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, nítorí náà alẹ́ pátápátá ni wọn yóò máa kí ìrun mọ̀gàríbì, ti àárọ̀ yóò sì tún ti wọlé kí oorun tó kún ojú. Àgbàlagbà lè fi oorun ọ̀sán dí i. Aago ibẹ̀ àti ti Nàìjíríà dọ́gba ní gbogbo ìgbà ẹ̀rùn, kò sì ní ṣòro fún wọn láti máa pe Ìṣẹ́yìn bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣe ń ṣe.

Bó bá wá jẹ́ pé oṣù Kẹwàá náà ni wọ́n ṣì yàn, ẹ gbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dé ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ilé-ìwé tì fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan náà, kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ tiyín pátápátá, kí wọ́n sì má lò ju ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù náà, wọ́n á yí aago padà sẹ́yìn, oòrùn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ kí aago márùn-ún tó lù. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ bá wọn rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí tó sún mọ́ yín títí ẹsẹ̀ wọn yóò fi mọ ọ̀nà. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ hàn wọ́n, àti bí wọ́n ṣe ń tan iná ìdáná. Ẹ sọ fún wọn nípa ẹ̀rọ òrùlé tó máa ń ké bí epo bá gbóná jù, kí àyà wọn má já. Ẹ kọ nọ́ńbà yín àti 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀, sára ògiri. Títì ló léwu jù, nítorí ọwọ́ òsì ni mọ́tò ń gbà lọ́hùn-ún. Ẹni ọdún 72 ti gbọ́njú dáadáa nígbà tí Nàìjíríà ṣí kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, ẹ rán wọn létí ọjọ́ yẹn, wọn yóò rẹ́rìn-ín, kò sì ní kúrò lọ́kàn wọn.

Ohun kan tún wà. Ẹ bi wọ́n bóyá wọn yóò fẹ́ láti mú òfì díẹ̀ àti ọ̀kọ̀ ìhunṣọ kan dání, kì í ṣe láti tà, torí ìyẹn á di iṣẹ́, bí kò ṣe láti fi han àwọn ọmọ yín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láàárín òwú. Àgbà tí ó bá ní ohun tí yóò kọ́ ọmọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ilé-ìwé dé ní aago mẹ́ta ààbọ̀ kò ní máa ka wákàtí.

ÌBÉÈRÈ

Ẹni ọdún 29 ni mí ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ́ olùkọ́ ní Manchester, ó sì pè mí láti wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun. Wọ́n kò fún mi ní físà. Wọ́n ní àwọn kò gbà pé n óò padà, àti pé àwọn kò mọ orísun mílíọ̀nù mẹ́ta náírà tó wọ àkáǹtì mi lọ́sẹ̀ tí mo kọ ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi í ránṣẹ́. Ṣé kí n gba agbẹjọ́rò?

— Ẹni Tí Wọ́n Dá Padà, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Ẹ fi owó agbẹjọ́rò pamọ́ ná. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti mú ẹ̀tọ́ ìpẹ̀jọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ físà ẹni tó fẹ́ lọ kí ẹbí, àyàfi bí ọ̀rọ̀ náà bá kan ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ohun tó kù ni kí ẹ kọ ìwé tuntun, kí ẹ san owó tuntun, kí ẹ sì sọ nínú rẹ̀ pé wọ́n ti kọ̀ fún yín rí, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Owó yẹn ló ṣe yín. Owó ńlá tó bá já bọ́ sínú àkáǹtì lọ́sẹ̀ kan ṣáájú ìwé máa ń dà bí owó àyálò lójú ẹni tó ń kà á. Bí ẹ̀gbọ́n yín ni yóò gbọ́ bùkátà, kí owó náà dúró sí àkáǹtì tirẹ̀, kí ó fi ìwé owó oṣù àti àkọsílẹ̀ báńkì rẹ̀ hàn, kí ó sì kọ ọ́ pé òun ni òun ń san án. Ní tiyín, ẹ jẹ́ kí àkáǹtì yín fi ohun tí ẹ ń rí gan-an hàn fún oṣù mẹ́fà. Ẹ gba lẹ́tà níbi iṣẹ́ yín tí ó sọ iye ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n fún yín àti ọjọ́ tí wọ́n ń retí yín padà. Ọ̀sẹ̀ méjì sàn ju oṣù kan lọ fún ọ̀dọ́ tí kò tíì níyàwó tí kò sì tíì rìnrìn-àjò rí. Bí ẹ kò bá ní iṣẹ́ tó lè kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ dúró kí ẹ tó tún kọ ọ́. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé òun ló ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú oṣù Keje sí Kẹjọ, kí ó gba ọkọ̀ òfúrufú wálé lọ́dún yìí. Kí ó ṣáà wo físà tirẹ̀ dáadáa kí ó rí i pé kò ní tán kí ó tó padà.